Páàdì Tí Ọwọ́ Bàbá Kàn

"Ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn o," ni Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ wí kí ilẹ̀kùn tó ṣí. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí ọwọ́ bá ti kàn nínú ilé yìí, ẹ ti mú un nìyẹn. Kò sí 'mi ò mọ̀', kò sí 'ẹ jọ̀ọ́'."

Arinọlá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀tún di òsì mú. Ìyá Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kó tirẹ̀ sábẹ́ ìborùn, ó fi apá há wọn mọ́ra bí ẹni tí kò fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni Bàbá wà lórí àga onítáyà, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ọ̀já wé sì wà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Bàbá kó ọwọ́ síbì kankan.

Ilẹ̀kùn gbọ́ èrò Arinọlá, ó ṣí. Ó gbọ́ ti Ìyá Wúràọlá náà, ó dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí àga ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í padé, nítorí kò gbọ́ ẹnikẹ́ni lórí àga yẹn. Arinọlá sáré fi ẹsẹ̀ dí i. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀kùn ti ń ṣe Bàbá bẹ́ẹ̀, tí iná yàrá ń kú mọ́ ọn lójú bó bá ku òun nìkan, tí omi kì í jáde fún un. Agbọ́nú, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ èrò ọkàn, tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, kò já bọ́, kò sì bàjẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ohùn inú Bàbá lọ, agbọ́nú kò wá rí nǹkan gbọ́ mọ́.

Ìkúùkù tẹ̀lé wọn wọlé. Ní Òkè-Ìrì, ìkúùkù kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ ìsàlẹ̀, tí àwọn òbí wọn gun òkè wá, ló ti ń bá wọn gbé inú ilé. Ó rọra ń rìn láàárín àwọn pẹpẹ, ó ń fara kan tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó ń fara kan fáànù, fóònù, àti ẹ̀rọ ìlọta tí ọ̀bẹ inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Kò sí òfin tó lè mú un. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé ńlá kan wọlé, ó nà sílẹ̀ títí dé ìdí àtẹ̀gùn.

Ilé Ohun Tí Kò Fọhùn ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ti ẹ̀rọ, òkè ni ti ènìyàn. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun àtẹ̀gùn tó so méjèèjì pọ̀. Bí ènìyàn bá dákẹ́ dáadáa, yóò gbọ́ èémí àwọn tó ń sùn lókè: gbogbo wọn ń mí sínú, gbogbo wọn ń mí síta lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí oorun á fi fẹ́ máa gbé olúwarẹ̀ náà lọ. Ẹnikẹ́ni kì í fìyà jẹ wọ́n. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fi òróró pa wọ́n lára. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò tíì sẹ́ni tó gòkè tó tún sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ ló ń mójú tó ìsàlẹ̀ àti òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tutù ni, ìbọ̀wọ́ funfun kì í sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ òfin," ó wí. "Ohun tí agbọ́nú ò bá gbọ́ láti ọdún iṣu dé ọdún iṣu, ibí nilé rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ènìyàn. Bí oòrùn bá ti kúrò lójú fèrèsé yẹn, a ó gbé e gòkè."

"Gbé ta ni?" Ìyá Wúràọlá yíjú sí i. "Ẹni tó tó bí ẹ lọ́mọ lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àga?"

"Ẹ má bínú, Mà. Bó ṣe wà nínú òfin ni mo ṣe sọ ọ́."

"Ṣé òfin yẹn ò ní bàbá ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wolẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló ń ba Arinọlá lẹ́rù. Ènìyàn burúkú, a lè bá a jà. Èyí tó ń fi pẹ̀lẹ́ gbé bàbá ẹni lọ, báwo lèèyàn ṣe ń bá irú wọn jà?

"Ilé wa ò tíì mú nǹkan rí níbí," Arinọlá wí. "Ilé kan, ohun kan, àbí? Mo fẹ́ mú tiwa lónìí. Páàdì géèmù ni mo fẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan Bàbá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tò ó jọ kó tó ṣàìsàn. Ó ń ṣa irin lórí ààtàn, ó ń ṣa gíláàsì, ó ń fi òjé jó wáyà pọ̀ nídìí fèrèsé, ó ń kọrin. Gbogbo géèmù ìgbà èwe rẹ̀ ló kó sínú rẹ̀. Ó ku páàdì tí wọn ó máa fi gbá a. Ó ní bí òjò bá ti dá, òun ó lọ yan èyí tó dáa. Òjò dá lóòótọ́, àmọ́ Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ rò pé yóò gbá a?" ọkùnrin náà béèrè.

"Ọwọ́ a máa rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé," Arinọlá wí. "Ó ń jẹun, sà. Bó bá yó, ó ń pa ẹnu dé."

"Ewúrẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. "Òfin ò béèrè ebi. Ìfẹ́ inú ló béèrè: kí ènìyàn fẹ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ní kó fẹ́. Bó bá gbá géèmù yẹn, tí mo fojú mi rí i, màá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àwọn tí à ń pè, títí láé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè yàn o. Ẹ má kánjú."

Bẹ́ẹ̀ ó ń sọ pé kí wọ́n má kánjú, oòrùn sì ti fi ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn sílẹ̀, ó ti ń bọ̀ wá sáàárín ilé.

Kọ̀rọ̀ ni pẹpẹ àwọn páàdì wà. Mẹ́ta péré ló kù nínú wọn tí kò kú. Arinọlá tẹ ara síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹyin inú ìtẹ́. Gbogbo ohun tó ti lò láti kékeré, ríro ló ń rò ó, ohun náà a sì ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyẹ̀fun pípò, ó mọ irun dídì. Kò mọ bọ́tìnnì.

Àkọ́kọ́ funfun, ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Ẹyọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà ló ń bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Èkejì jẹ́ àpótí pẹlẹbẹ tí ọ̀pá kan dúró lé lórí, bọ́ọ̀lù pupa wà lórí ọ̀pá náà, òun náà ní ẹyọ kékeré tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ti di àwọ̀ eyín arúgbó. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti jẹ, wáyà gígùn kan ká mọ́ ọn lára, wọ́n sì ti fi téèpù dúdú lẹ wáyà náà níbi méjì.

"Okùn ara èyí ńkọ́?" Arinọlá béèrè. "Ṣé kí wọ́n má baà jí i gbé ni wọ́n ṣe ń so ó?"

Ìyá Wúràọlá rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi fẹ́ yọ́ kúrò léjìká rẹ̀, ó sì tètè rántí há ọwọ́ mọ́ra.

"Okùn kẹ̀! Arinọlá! Ojú ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ bá sọ, ibẹ̀ ló ń gbà dé inú kọ̀ǹpútà. A máa ń kì í bọ ihò ni."

"Ìyẹn ò wúlò fún yín," Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹnu wáyà rẹ̀ roboto, ihò kọ̀ǹpútà yín pẹlẹbẹ, kò lè wọ̀ ọ́. Bó bá ṣe tèmi ni, funfun yìí ni mo máa mú. Ó fúyẹ́. Ọwọ́ tí kò lágbára lè gbé e."

"Èyí tó lọ́pàá yẹn ńkọ́, sà?"

"Òun náà dáa. Ọwọ́ kan ṣoṣo lèèyàn lè fi lò ó."

Arinọlá gbé ọkàn sí funfun. Ó tún rántí pé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ni àrùn mú, ó gbé ọkàn sí ọ̀pá. Ó padà sí funfun. "Màmá, irú èwo lẹ̀yin àti Bàbá ń lò nígbà yẹn?"

"Ọmọ mi, èyí tó bá ti wà ni. Ṣé ẹnì kan ń yàn án nígbà yẹn ni? Bí ti ilé wa bá bàjẹ́, a yá ti ilé kejì. Bọ́ọ̀lù là ń gbá nínú tẹlifíṣọ̀n títí ìyá wa á fi pa iná."

Ìdáhùn yìí kò ran Arinọlá lọ́wọ́. Àṣé bí ó ti ń fi ọkàn sọ́tùn-ún sósì yìí, àga Bàbá, tí ń tẹ̀lé èrò rẹ̀, náà ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Kó tó mọ̀, àga náà ti fì sẹ́yìn, ó kọlu pẹpẹ mìíràn, ọwọ́ òsì Bàbá sì yọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó bọ́ lé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan lórí.

"Yéè! Mo gbé!" Arinọlá kígbe. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù la wá mú, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mi ò fara balẹ̀..."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò kà."

"Kò kà báwo?"

"Ẹni tí agbọ́nú ò gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́. Bí ìgbà tí ìkúùkù bá fara kan nǹkan ni." Ó fi ọwọ́ oníbọ̀wọ́ gbé ọwọ́ Bàbá kúrò, ó dá a padà sórí itan rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Inú Arinọlá kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í pé inú òun dùn. Ọwọ́ tó gbé e pọ̀n, tó kọ́ ọ bí a ti í mú ṣíbí, wọ́n ní kì í ṣe ọwọ́, òun sì ń dúpẹ́. Omijé lé ròrò sí i lójú, kò sì lè nu ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Ìyá Wúràọlá kò sunkún. Ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí ọgbà ti lu.

"Ọmọ mi," ó wí pẹ̀lú ohùn dídùn. "O ní ọwọ́ àbúrò mi kì í ṣe ọwọ́?"

"Bí òfin ṣe wí ni, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọwọ́, ṣebí kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bó bá fi kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọmọ rẹ̀ tó wá yan ọ̀kan?"

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ le. Ó wo òkè, ó wo fèrèsé. "Òfin ò sọ pé rárá," ó wí níkẹyìn.

"O ṣeun, ọmọ mi. Gbé e wá."

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ kọ́kọ́ gbé páàdì funfun wá, ó tẹ́ ẹ sórí kọ̀ǹpútà níwájú Bàbá, ó gbé ọwọ́ Bàbá méjèèjì lé e. Gbogbo wọn dúró. Láti òkè, àwọn tó ń sùn mí sínú, wọ́n mí síta. Ọwọ́ Bàbá wà lórí páàdì náà bí ọwọ́ ṣe ń wà lórí ìrọ̀rí. Ìka kan kò mira.

"Bàbá mi," Arinọlá rọra pè é. "Géèmù yín nìyí o."

Bàbá ń wo ìkúùkù.

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ gbé ti ọ̀pá wá. Ọwọ́ òsì Bàbá di ọ̀pá náà mú, Arinọlá sì tẹ ara síwájú. Ṣùgbọ́n ńṣe ló kàn dì í mú bí ọmọ ọwọ́ ti í di ìka ẹnikẹ́ni mú. Kò tì í síwájú, kò fà á sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà tú. Oòrùn ti dé ìdí àga.

"Gbé ìyókù wá," Ìyá Wúràọlá wí.

"Mà, mo ti sọ fún yín, ìyẹn ò lè wọ..."

"Mo gbọ́. Gbé e wá."

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ tú wáyà tó ká mọ́ ọn, ó gbé páàdì arúgbó náà kalẹ̀ níwájú Bàbá. Wáyà náà ṣàn kọjá lórí orúnkún Bàbá, ó já sílẹ̀, ó sì nà lọ sábẹ́ pẹpẹ, níbi tí ojú kò ti rí ìdí rẹ̀ mọ́.

Bàbá wo páàdì. Ó pẹ́ kó tó ṣe nǹkan kan, débi pé Arinọlá ti yí ojú sí funfun, ó ti ń pinnu. Nígbà náà ni ó gbọ́ tí Ìyá Wúràọlá fa èémí sínú.

Ọwọ́ òsì Bàbá ti kúrò lórí páàdì. Kò lọ síbi bọ́tìnnì kankan. Ìbẹ̀rẹ̀ wáyà ló lọ, ìka méjì ló fi mú un. Ó fà á. Ó dì í mú mọ́ itan, ó na ìka síwájú, ó tún fà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó jìn. Ó dé ibi téèpù àkọ́kọ́, ó fi àtàǹpàkò wò ó, ó kọjá. Ó dé ibi téèpù kejì. Wáyà ń wọ́ bọ̀ lábẹ́ pẹpẹ, ó ń gbá eruku bọ̀, títí ẹnu rẹ̀ roboto fi jáde síta, tó gun ẹsẹ̀ Bàbá, tó dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Bàbá gbé e sókè síwájú ojú. Kò wà nínú ihò kankan. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ojú náà kọjá lára Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀, ó kọjá lára Arinọlá, ó ń wá ẹnì kan. Nígbà tó rí Ìyá Wúràọlá, ó dúró lára rẹ̀, ó sì le koko.

Ìyá Wúràọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, ó sunkún títí ó tún fi di ẹ̀rín.

"Àlàó! Àlàó, o ò tíì gbàgbé! Ó ń wò ó bóyá mo ti rẹ́ òun jẹ!"

"Kí ló dé, Màmá?" Arinọlá ò mọ èyí tí òun ó ṣe.

"Páàdì méjì ló wà nílé wa. Èmi lẹ̀gbọ́n. Á máa ké pé òun náà fẹ́ gbá a, òun náà fẹ́ gbá a. Ni mo bá ń gbé èkejì lé e lọ́wọ́, mi ò sì ki wáyà rẹ̀ bọ ibì kankan. Á tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń gbá bọ́ọ̀lù, òun rò pé òun ni. Ọjọ́ tó mọ̀, kò jẹun alẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fún un ní páàdì, kò ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì àfi tó bá kọ́kọ́ tọ wáyà yẹn dé ìdí!" Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀. "Èmi ló ń fura sí o, ọmọ mi. Ìfura loògùn àgbà. Ìwọ ti rí ẹni tó ń sùn tó ń fura rí?"

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ tẹ etí sílẹ̀ sí agbọ́nú tó wà lẹ́yìn etí tirẹ̀. "Agbọ́nú ò gbọ́ nǹkan kan," ó wí.

"Agbọ́nú ò mọ̀ mí. Àlàó mọ̀ mí."

Ọkùnrin náà sún mọ́ àga. Ó wo wáyà, ó wo ojú Bàbá tó ṣì le. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Arinọlá ló bá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ohun tí mo rí, mo rí i. Ẹnikẹ́ni ò ní kí Bàbá fa wáyà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé o. Bí mo bá kà á, ọwọ́ ti di ọwọ́ nìyẹn, a jẹ́ pé Bàbá ti yàn fún ilé yín, èyí tí wọ́n yàn ò sì lè wọ kọ̀ǹpútà yín láéláé. Wọ́n á bá yín lọ sílé lónìí. Títí di ọdún iṣu tó ń bọ̀ ni o, torí wáyà fífà kì í ṣe géèmù gbígbá. A ó tún pè wọ́n, ẹ ò sì ní ní nǹkan kan tí ẹ ó fi hàn wá. Bí mi ò bá kà á, ẹ ṣì lè mú funfun yẹn. Oòrùn ò tíì lọ. Bí wọ́n bá fi gbá géèmù, ọ̀rọ̀ parí títí láé."

"Bí wọn ò bá gbá a ńkọ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ gbé ojú sókè. Ó wo àtẹ̀gùn.

Arinọlá wo páàdì funfun lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó mọ́, ó rẹwà, ó ń wọ kọ̀ǹpútà. Ó rí i lójú inú: Bàbá nídìí fèrèsé, géèmù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ ń tàn sí i lójú, kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́, kò sí àtẹ̀gùn kankan níbì kankan. Ó fẹ́ ẹ débi pé eyín ń dùn ún. Ní báyìí tí ara Bàbá ti jí díẹ̀, ta ló mọ̀? Bóyá bí wọ́n bá tún gbé funfun fún un lẹ́ẹ̀kejì, yóò mú un. Bóyá kò ní mú un. Èémí òkè ń bọ̀, ó ń lọ, ó rọ̀ bí òwú, ó sì ń bà á lẹ́rù.

"Ẹ dá èyí padà ná," ó gbọ́ tí ẹnu òun ń wí. "Ẹ gbé funfun wá."

Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ na ọwọ́ oníbọ̀wọ́ sí páàdì arúgbó náà. Ó fà á. Kò wá. Ó tún fà á. Bàbá ti wé wáyà mọ́ ìka rẹ̀, ó ti tẹ apá ọ̀tún tó rọ lé páàdì náà lórí, gbogbo bí apá náà ti wúwo tó. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kàn dì í mú ni.

Arinọlá wo wáyà tó wé mọ́ ìka náà. Kí lòun ń ṣe yìí? Òun fẹ́ fi han gbogbo ayé pé bàbá òun ṣì ní ohun tó fẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ nìyí lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ní kí wọ́n gbà á. Bí òun bá gbà á, kí ló wá ṣẹ́kù tí òun ń gbà là?

"Ẹ fi sílẹ̀," ó wí. "Ẹ fi sílẹ̀, sà. Ọwọ́ bàbá mi ti kàn án."

"Ó dá yín lójú? Mi ò lè yí i padà mọ́ o."

"Ọwọ́ bàbá mi ti kàn án."

Oòrùn fi fèrèsé sílẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kò gbọ́ Bàbá síbẹ̀, ó fẹ́ padé; Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dí i. "Ó dàárọ̀, Bàbá," ó wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí òfin rí òun.

Níta, ìkúùkù ti bo ọ̀nà débi pé orí ilé ìsàlẹ̀ nìkan ló yọ. Arinọlá ro àga síwájú, ó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó wá ń sunkún gan-an, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lómìnira láti nu ún.

"Kí la fẹ́ fi hàn wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, Màmá? Kí la fẹ́ fi hàn wọ́n?"

"Ọdún tó ń bọ̀ ò tíì dé," Ìyá Wúràọlá wí. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Ni nǹkan kan bá gbún un ní ìgbọ̀nwọ́. Ó wẹ̀yìn. Bàbá ló na ẹnu wáyà sí i. Ó dì í mú níwájú rẹ̀, ó ń dúró, ojú rẹ̀ sì ṣì ń fura.

Ìyá Wúràọlá wo ẹnu wáyà náà, ó wo àbúrò rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í há ẹ̀gbẹ́ ìdí, níbi tó ti fún ìró mọ́ ara, ó wá ṣe é le dáadáa.

"Ó ti wọlé, Àlàó. Fà á wò."

Bàbá fà á wò. Kò já.

Ó gbé páàdì sórí kọ̀ǹpútà, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ ibi tó wà lápá òsì. Ìyá Wúràọlá, tó ń bojú wẹ̀yìn wo ìka rẹ̀, yà sápá òsì ọ̀nà. Ó tẹ apá ọ̀tún, Ìyá Wúràọlá yà sọ́tùn-ún. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, wọ́n ń lọ síwájú nínú ìkúùkù, wáyà nà láàárín wọn, àga ń tẹ̀lé. Ẹnì kan tó ń gun òkè bọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá ku bọ́tìnnì kan tó wà lápá ọ̀tún, èyí tó jẹ jù nínú gbogbo wọn. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tó rọ, ó gbé e lé e, ó sì fi ti òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kí nìyẹn ń ṣe?" Arinọlá béèrè.

"Ìyẹn la fi ń gbá a sáwọ̀n," Ìyá Wúràọlá wí.

Ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó gbá òkúta kékeré kan tó wà níwájú rẹ̀ wọnú ìkúùkù. Wọn ò gbọ́ ibi tó bọ́ sí.

Bàbá tún tẹ̀ ẹ́.

Arinọlá nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì wá òkúta mìíràn nílẹ̀.